Ẹ̀rín Inú Àpótí

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn ti bo Duluth tipẹ́.
Adágún ńlá ti dì gbagidi.
Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀.
Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi ọkọ̀ ńlá ha yìnyín kúrò lójú títì,
ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí ẹni pé ìdarí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.
Linnea, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò wojú mi.
Ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga kí n lè ráyè jókòó:
nínú ilé wa, ìkíni nìyẹn.

Eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tansy,
bàbá rẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ ilé wọn,
àti àbúrò kan tó ń tọ́jú àkèré sínú ife kọfí.
Bàbá náà kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.
Ó wá awò ojú rẹ̀ títí, awò ojú wà níwájú orí rẹ̀.
Ó tẹ ọṣẹ, ó yọ̀, ó ṣubú, gbì!
Àwọn èèyàn tí a kò rí bú sẹ́rìn-ín.
Àwọn wo tiẹ̀ ni wọ́n?
Ṣé wọ́n bímọ?
Ṣé èyíkéyìí nínú wọn ti sanwó bàtà rí?

Nígbà àkọ́kọ́, inú bí mi.
Mo sọ fún Maren bó ṣe ń múra iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn
pé eré yìí ń kọ́ ọmọ pé òpè ni gbogbo bàbá.
Ó ń di irun rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láàárín eyín:
"Kò sí èébú níbẹ̀. Kò sí ìbọn. Gbogbo wọn ló wọṣọ.
Àbí wọ́n dárúkọ egungun gbígbẹ, ara wá ń fu arúgbó?"
Mi ò dá a lóhùn. Mò ń wá awò ojú mi.

Eré tó mọ́ ni, mo gbà.
Ìjà wọn kì í kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún:
irọ́ kan, àṣírí kan, omijé tí kì í ba atíkè jẹ́,
lẹ́yìn náà bàbá á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì,
á sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún régé, ọmọ á dì mọ́ ọn.
Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un? Kó wá kọ tèmi.
Nítorí ìjà èmi àti Linnea, lórí ilẹ̀kùn tó fẹ́ máa tì,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà.
Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́, mo la ẹnu,
ohun tó jáde ni, "Ṣé o ti fọ eyín?"

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá,
bàbá Tansy gbàgbé ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fọn fèrè níléèwé.
Àga kan ṣófo láàárín àga. Kámẹ́rà kò kúrò lórí rẹ̀.
Mo mọ àga yẹn.
Oṣù Kejìlá, ìjì yìnyín, wọ́n pè mí sójú ọ̀nà Two Harbors;
Linnea ta fáyólìn rẹ̀, mi ò sí níbẹ̀.
Mi ò gbàgbé o.
Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé àti ẹni tí iṣẹ́ dá dúró,
lójú àga, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo ṣàkíyèsí pé kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́.
Èmi ló ń wò.
Orin kankan kò dún. Ẹ̀rọ amúlémóoru nìkan ló ń kùn.
Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bomi mu,
ìbọ̀sẹ̀ mi tẹ omi tó sun lára bàtà mi,
gbì!

Ilé pa lọ́lọ́.
Lẹ́yìn náà ni Linnea bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gba imú jáde,
ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò ká sínú àpótí.
Ó na ọwọ́ kó fà mí dìde, ẹ̀rín kò jẹ́,
òun náà jókòó sínú omi.
"Dádì," ó ní, "ọṣẹ ni wọ́n máa ń tẹ̀ o."

Eré parí lẹ́yìn wa.
A kò mọ̀ bóyá bàbá Tansy tọrọ àforíjì.
Èmi kò tíì tọrọ tèmi.
Wọ́n máa tún un ṣe láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án.
Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé kó wá ẹlòmíì.